Ìwọ̀fà Inú Òkùnkùn

Láyé àwọn bàbá wa, bí bàbá bá fẹ́ yáwó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ kò bá wọn ná nínú owó náà, ṣùgbọ́n òun ló ń ro oko olówó. Lónìí, gbogbo wa la gbà pé àṣà yẹn kò dára. Àmọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ó ti tán lóòótọ́?

Ẹ wo páìpù gáàsì tó gbéra láti Itòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọ inú òkun, ó ya Kútọnu àti Lomé, ó sì dé Tema àti Takoradi ní Gánà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ọdún 2003 ni ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀. Gáàsì yìí wà lára ohun tí Gánà fi ń pèsè iná mànàmáná.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan ba páìpù náà jẹ́ nítòsí Lomé, gáàsì kò sì dé Gánà mọ́ títí wọ ọdún 2013. Ìyẹn, jàǹbá ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ọwọ́ ènìyàn ló dá gáàsì dúró, nítorí pé ilé iṣẹ́ iná ìjọba Gánà jẹ gbèsè.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó tajà gbọ́dọ̀ gbowó. Bí kò bá rówó gbà, kí ni yóò fi ra òmíràn? Ṣùgbọ́n télọ̀ ní Accra tó ti san owó iná tirẹ̀ pé ńkọ́? Ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín ńkọ́? Wọn kò bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé, síbẹ̀ àwọn ni iná kú mọ́ lórí. Ṣebí ìwọ̀fà náà nìyẹn?

Àwa tí à ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé ayé ní Èkó mọ bí òkùnkùn ṣe ń jẹ owó ẹni. Èrò tèmi ni pé kí ìjọba tó fẹ́ ra gáàsì kọ́kọ́ fi owó ìdógò sílẹ̀. Bí ó bá jẹ gbèsè, ìdógò yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n sì kéde fún aráàlú kí wọ́n tó fọwọ́ kan páìpù. Kí bàbá tó yáwó fi owó ara rẹ̀ san án. Kó fi ọmọ sílẹ̀.