ÌBÉÈRÈ ỌMỌ NÍBI ÀJỌ ÌRÉKỌJÁ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ẹ́kísódù 12. 24–27, Diutarónómì 16. 9–12; Lúùkù 2. 41–47.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ará wa ń gbé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa kọ́ ọmọ ní àjọ àwọn Júù, kí wọ́n tilẹ̀ tọ́ àkàrà àìwú àti ewébẹ̀ kíkorò wò. Òbí lè bèèrè pé, kí ni èyí kan ọmọ Kristẹni?

Olúwa wa tìkára rẹ̀, nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí àjọ náà ní Jerúsálẹ́mù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i láàárín àwọn olùkọ́, tí ó ń gbọ́, tí ó sì ń bi wọ́n léèrè. A kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sábẹ́ òfin Mósè, nítorí Kristi ni Ìrékọjá wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Ìrékọjá, báwo ni yóò ṣe mọ ìdí oúnjẹ alẹ́ Olúwa?

Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọ tí a bá bí sí Kénáánì kò ní mọ ìnira Íjíbítì. Nítorí náà ni ó ṣe fi ìbéèrè ọmọ sínú àjọ. Títí di òní, ní ilé àwọn Júù, ọmọ tí ó kéré jù ni ó máa ń bèèrè ìdí tí òru náà fi yàtọ̀, a ó sì sọ ìtàn oko ẹrú fún un. Àwọn àgbà wa pẹ̀lú wí pé, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn.

Àwa náà ní ohun tí ọmọ lè bèèrè ní Lọ́kọ́jà níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, wà ní ìlú yìí. Nínú ọgbà rẹ̀ ni Irin Òmìnira wà, tí ó sàmì sí ibi tí a ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Àjàyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822. Ẹni tí a kó lẹ́rú ni ó wá kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìwé. Bí ọmọ yín bá bèèrè ohun tí irin náà dúró fún, ẹ ó ha wí pé irin lásán ni?

Ṣùgbọ́n ìtàn nìkan kò tó. Níbi Àjọ Ọ̀sẹ̀, Olúwa ka ìránṣẹ́, àlejò, aláìníbaba àti opó mọ́ ọmọ inú ilé, ó sì ní kí Ísírẹ́lì rántí pé òun ti ṣe ẹrú rí. Ọmọ tí a mú wá láti abúlé, tí ń kiri ọjà nígbà tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ ń dún, tí ń jẹun lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ta ni yóò dá a lóhùn bí ó bá bèèrè? Bí ọmọ tiwa bá wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, tí òun sì gbé igbá, Íjíbítì ṣì ń bẹ nínú ilé wa.

Nítorí náà, ará, kí á sọ ìtàn fún àwọn ọmọ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí á sì mú ọmọ ọ̀dọ̀ wa lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọlọ́run tí ó mú Ísírẹ́lì jáde, kí ó mú gbogbo ọmọ inú ilé wa jáde. Àmín.