Ta Ni À Ń Ra Irinṣẹ́ Fún?

Ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìwà tí kì í tán nílẹ̀: nígbà tí ènìyàn bá ń yan ohun tí yóò lò, ṣé irú ẹni tí ó jẹ́ ni ó ń yàn án fún, tàbí irú ẹni tí ó wù ú láti jẹ́? Létí ẹni tí ó ń ra àga ìjókòó, ìbéèrè náà lè dà bí àròyé lásán, nítorí àṣìṣe tí ènìyàn bá ṣe nídìí àga kò ju ẹ̀yìn ríro lọ. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ mìíràn wà tí ìdáhùn sí i lè di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ọ̀kan nínú wọn ni síkì elétí irin tí àwọn ará Nọ́rwèy fi ń rin orí òkè nígbà òtútù.

Síkì ni pátákó gígùn méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí wọn ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi, tí ènìyàn ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Ẹni tí kò ní in yóò máa rì dé orúnkún. Ẹni tí ó ní in yóò máa yọ̀ lọ lókè. Nínú igbó Nordmarka tí ó wà lẹ́yìn ìlú Oslo, ẹ̀rọ ńlá a máa gba orí yìnyín kọjá, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì la ojú ipa méjì sí i bí ojú irin rélùwéè, kí ẹsẹ̀ lè máa tẹ̀lé e. Síkì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fúyẹ́, ó sì fi díẹ̀ lé ní mìlímítà 40 ní fífẹ̀. Lórí Hardangervidda, pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,100, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀rọ kì í tẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà ibẹ̀. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni a máa ri ọ̀pá wẹ́wẹ́ mọ́ inú yìnyín láti fi ibi tí ọ̀nà gbà hàn láti ilé ìsinmi kan dé èkejì, ìrànwọ́ tí arìnrìn-àjò yóò rí lọ́wọ́ ọ̀nà kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síkì ibẹ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó wúwo, wọ́n sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbá etí rẹ̀ méjèèjì.

Kí ni irin náà wà fún? Yorùbá ń pe gbogbo nǹkan funfun wọ̀nyí ní yìnyín, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀, nítorí ohun tí kò sí nílé ẹni kò ní láti ní orúkọ púpọ̀. Ẹni tí ó ń rìn lórí rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run rọ̀ bí òwú. Èyí tí afẹ́fẹ́ ti gbá jọ a máa le bí ilẹ̀ tí a lù fún ijó. Èyí tí oòrùn yọ́ lọ́sàn-án, tí òtútù òru sì tún mú dì, a máa dán bí gíláàsì. Lórí èyí tí ó rọ̀, irin etí síkì kò ṣe ju kí ó dá kún ẹrù ẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó dán, síkì tí kò ní irin yóò yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ sísàlẹ̀ gbàrà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́; èyí tí ó ní in a bu yìnyín jẹ, a sì dì í mú. Nínú ìrìn odidi ọjọ́ kan, irú ibi bẹ́ẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni ènìyàn ṣe ń gbé irin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun; lórí òkè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ti olóhun.

Kì í ṣe inú ìwé ni ọgbọ́n náà ti wá. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Rudolf Lettner, ará Ọ́stríà, ni pé ní ọdún 1917 ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín líle, tí ó ń já lọ, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu irin ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi gún ilẹ̀ tí ó fi dúró. Ohun tí ọ̀pá ṣe fún un ni ó wá ń wá ọ̀nà láti mú kí síkì fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1926 ni ó gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ fún etí irin tí a ń gé wẹ́wẹ́ tí a sì ń dè mọ́ pátákó. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé Lettner mọ ẹni tí ó ń ṣe é fún. Òun ni ẹni tí ó ṣubú.

Ẹni tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí kò tíì ṣubú, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú inú rẹ̀ ń rí lè jẹ́ Fridtjof Nansen, tí òun àti àwọn márùn-ún mìíràn fi síkì la erékùṣù Greenland kọjá ní ọdún 1888. Nansen mọ̀ọ́mọ̀ gbéra láti etíkun ìlà-oòrùn tí ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé, ó sì dojú kọ ìwọ̀-oòrùn níbi tí ènìyàn wà, kí ó má baà sí ohun tí yóò fà wọ́n padà sẹ́yìn. Àní lábẹ́ díẹ̀ nínú síkì wọn, wọ́n tẹ́ irin pẹlẹbẹ sí i. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra síkì lè jẹ́ akọ̀wé tí yóò rìn nínú igbó títẹ́jú ní ọjọ́ Àìkú mẹ́rin lọ́dún, tí yóò sì máa fi síkì tí kò wọ ojú ipa ẹ̀rọ jìjàkadì láàárín àwọn ọmọdé tí ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, lóòótọ́. Àmọ́ ó yẹ kí oyin wà nínú àpáta náà ná.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùtajà àtijọ́ fi ń yẹ òtítọ́ wò, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ń ronú nípa ìwà. Àárín síkì kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ga díẹ̀ bí ọrun. Oníbàárà yóò dúró lé méjèèjì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, olùtajà yóò sì ti ìwé pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, ó yẹ kí ìwé náà lè máa rìn. Bí ó bá gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, ó yẹ kí ilẹ̀ àti síkì fún ìwé náà pinpin. Síkì tí ó bá le ju ẹni tí ó gùn ún lọ, àárín rẹ̀ kì yóò kan yìnyín, onítọ̀hún yóò sì máa fà sẹ́yìn bí ó ti ń gun òkè. Èyí tí ó bá rọ̀ jù yóò máa wọ́ nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ bí òun ti wúwo tó gan-an, àti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ojú ń tì lè dín in kù létí olùtajà. Ìwé abẹ́ ẹsẹ̀ kò mọ ojú rere.

Ó ṣòro jù láti rí ìwé tí a lè tì bọ abẹ́ ìgboyà. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ènìyàn ìbá yà fún nígbà tí kò ní irin lẹ́sẹ̀, ó lè dojú kọ ọ́ nígbà tí ó bá ní in, kí ó sì jẹ́ pé ààbò tí ó fi owó rà ni ó tún ná tán sórí ewu tuntun. A kò lè tìtorí èyí sọ pé kí wọ́n má ra irin mọ́. Ṣùgbọ́n irin kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó gùn ún mọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì máa kú tí wọn kò bá pọ́n ọn, a sì máa dípẹtà bí wọ́n bá gbé e pamọ́ ní tútù.

Kàkà kí ọ̀rọ̀ náà parí sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni síkì, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ní Nọ́rwèy, nígbà tí ènìyàn bá sọnù tàbí tí ó fara pa lórí òkè, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Àgbélébùú Pupa wà lára àwọn tí ń jáde wá a, ní òru, nínú ìjì. Òfin mẹ́sàn-án kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò orí òkè; ọdún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òfin bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn gidigidi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde 1967 tí ènìyàn 18 kú. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2016, ọ̀kan ní kí ènìyàn mú ohun èlò tí yóò lè fi ran ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbólóhùn kékeré tí ó kẹ́yìn yẹn ni ó yí gbogbo ìbéèrè náà padà. Ẹni mẹ́rin tí ó jọ ń rìn, tí mẹ́ta ní irin létí síkì tí ẹnì kan kò ní, ẹni tí kò ní in ni yóò pinnu ọ̀nà fún gbogbo wọn, bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn rere. Bí wọn kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni wọn yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ òkè.

Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n fi síkì onígi la pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí kọjá nígbà èwe wọn, tí wọn kò sì ní ju etí igi líle lọ. Wọ́n lè bi ènìyàn pé kí ni irin ń wá níbẹ̀. Ìbéèrè wọn tọ̀nà, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wo àwọ̀ yìnyín, tí wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n sì mọ wákàtí tí ẹ̀gbẹ́ òkè kan yóò rọ̀ tó láti gbà kọjá. Bí kò bá tíì rọ̀, wọn a jókòó sẹ́yìn òkúta, wọn a pín ọsàn jẹ, wọn a sì dúró de oòrùn. Àlejò tí ó dé láti ìlú ńlá ní ọjọ́ mẹ́ta péré, tí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ yóò sì padà ní ọjọ́ Ajé, kò ní wákàtí tí yóò fi dúró. Irin ni ó rà dípò rẹ̀.