Ta Ni Yóò Dí Kòtò Náà?

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè: lẹ́yìn tí ará yòókù ti gbọ́n tán, ta ni ó dí kòtò?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ya máàpù ìlú Ìlọrin tí yóò máa fi ibi eléwu han àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Iṣẹ́ rere ni. Àkọsílẹ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, kò lè dá tó fún un. Ẹni tí ọ̀kadà tì sínú gọ́tà, tí ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, ta ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Lẹ́nu irú wọn ni a ó ti gbọ́ ibi tí àgbàrá ti ń bo kòtò mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, àti ibi tí àwọn onítakisí ti máa ń ṣílẹ̀kùn lu ènìyàn lójijì. Ewu a sì máa bá àkókò rìn: ọ̀nà Ọjà Ọba ní ìdájí kì í ṣe ọ̀nà Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n odò Àsà la ìlú náà sí méjì, àwọn agboolé àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn, GRA ní ìlà oòrùn. Bí a bá fi àmì pupa sí orí afárá, kí ni a fẹ́ kí káfíńtà tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lódìkejì ṣe? Ṣé kí ó ru kẹ̀kẹ́ lórí, kí ó lúwẹ̀ẹ́ ni? Níbí ni ìkìlọ̀ ti lè di àwíjàre: bí ọkọ̀ bá gbá a, a ó ní a kúkú ti sọ fún un.

Ní 1854, ní ìlú London, Dókítà John Snow ka àwọn tí àrùn onígbáméjì pa ní àyíká ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, ó sì kó ẹ̀rí rẹ̀ tọ àwọn aláṣẹ àdúgbò lọ. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. (Máàpù rẹ̀ tí ó lókìkí lónìí, ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tó jáde.) Kò fi í mọ sí pé kí ó máa kìlọ̀ fún àwọn apọnmi.

Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni èmi fẹ́. Kí èyí tí ó wà lápò ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ fi ọ̀nà tí ó sàn díẹ̀ hàn án lónìí, nítorí kò lè jókòó de ìjọba. Èyí tí a ó gbé kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí a kọ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí kòtò kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àmì rẹ̀, kí ẹni tí ó bá wá sanwó níbẹ̀ lè rí i kà.