Ọrẹ Tí A Lè Má Rí Èso Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Odoakpu, bí ẹnìkan nínú wa bá ń ṣàìsàn, a mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. A ó dá owó jọ, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó bá sì dìde, ojú gbogbo wa ni yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a dá owó fún yunifásítì, kí àwọn onímọ̀ lè wádìí àìsàn tí kò tíì ní oògùn, ọ̀pọ̀ yóò bèèrè pé: "Ṣé aláìsàn ti tán ní àdúgbò wa ni?" Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 1925, Rockefeller Foundation, àjọ tí John D. Rockefeller, olówó epo ará Amẹ́ríkà, fi owó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1913, rán àwọn dókítà wá sí Yaba ní Èkó láti wádìí rẹ̀. Ọdún kan kọjá, wọn kò rí kòkòrò àìsàn náà mú. Oníṣòwò tí ó bá ṣe ìṣirò nígbà náà yóò ní òfò ni. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ kòkòrò náà. Ní ọdún kan náà àìsàn yìí pa Dókítà Adrian Stokes ní Èkó; ní 1928 ó pa Hideyo Noguchi àti William Young ní Accra. Ní 1937, Max Theiler fi kòkòrò ti ara Asibi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ṣì ń gbà títí di òní. Káàdì yẹ́lò tí ẹ ń mú lọ́wọ́ lọ rajà ní Kútọnu, èso owó 1925 ni.

Àgbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ilé, kì í jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ tí ebi ń pa. Ọmọ náà gan-an ni ó ń rò. Nítorí náà, aláìsàn ẹnu ọ̀nà ni ó ni ìpín tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ni gbogbo rẹ̀.

Ta wá ni ó ni ọpẹ́? Rockefeller fi owó sílẹ̀, Stokes fi ẹ̀mí sílẹ̀, Asibi fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olówó tí ó bá fẹ́ gba gbogbo ògo ti gbàgbé ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Lónìí, Redeemer's University ní Ẹdẹ ní ibùdó ìwádìí tirẹ̀. Ní March 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí kòrónà wọ Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ka àbùdá kòkòrò náà. Owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé wà lára ohun tí ó gbé ibùdó náà ró. Gbèsè sì kọ́ ni ọrẹ.

Nítorí náà, bí a bá tún jókòó láti pín owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí. Kí a bèèrè bí wọ́n ṣe ná an. Kí a má bèèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ wa sára ògiri. Èbù ni, ẹ má jẹ́ kí a jẹ ẹ́ tán.