Ọdún Tí Ìpalára Gbé Lọ, Ta Ni Yóò San Án?

Púpọ̀ nínú wa ní Skyview Ranch ló jẹ́ pé agbára apá àti ẹ̀yìn ni a fi ń jẹun. Àwọn kan ń gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn mìíràn ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Bí ènìyàn bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì jókòó sílé fún ọdún kan, ǹjẹ́ ó yẹ kí a ka ọdún náà mọ́ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì?

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. WCB ti Alberta a máa san 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn owó orí. Oúnjẹ òní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ètò LAPP, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, ọdún iṣẹ́ ni ó fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á ní kíkún kí ó tó pé ẹni ọdún 65 gbọ́dọ̀ ti tó 55, kí ọjọ́ orí àti ọdún iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 85 lápapọ̀. Nọ́ọ̀sì ẹni ọdún 58 tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún 27 ti dé ibẹ̀. Bí a kò bá ka ọdún kan, 84 ni, kò tíì dé ibẹ̀. Bákan náà, a kì í yọ owó CPP nínú owó tí WCB ń san.

Ẹnìkan lè wí pé àpò àpapọ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tí kò fi sí i kò yẹ kí ó mú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè, nítorí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀, àwọn yòókù ni yóò ru ú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí àdéhùn tí William Meredith là sílẹ̀ ní Ontario ní 1913, tí Alberta náà gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1918. Òṣìṣẹ́ fi ẹ̀tọ́ láti pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ sílẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ lápapọ̀ yóò máa san owó ìtọ́jú, láìbéèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Òṣìṣẹ́ ti san tirẹ̀ nígbà náà. Kò tọ́ kí ó tún san án lẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ ogbó.

Òfin Ontario wá ọ̀nà àárín: fún ọdún kan lẹ́yìn ìpalára, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìpín tirẹ̀ sínú owó ìfẹ̀yìntì, bí òṣìṣẹ́ bá ń san tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gba ọ̀fẹ́, kò sí ẹni tí ó jìyà lẹ́ẹ̀mejì. Dáfídì náà ṣe irú ìdájọ́ yìí ní odò Bésórì: àwọn tí ó rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí wọ́n dúró ti ẹrù, gba ìpín kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó dé ojú ogun. Iṣẹ́ náà ni ó rẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ẹ má ṣe fi ìpalára pamọ́ nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù ọ̀gá. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó WCB létí. Ẹ fi ìwé béèrè: ǹjẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ṣì ń wọlé fún mi? Bí kò bá wọlé, ṣé mo lè ra àkókò náà padà, iye wo ni, ọjọ́ wo ni ó sì parí? Ẹ máa ka ìwé ìṣirò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ogbó wa jẹ́ ti àbámọ̀. Àmín.