Ọ̀gákọ̀ Igi Kérésìmesì àti Ìwà Ọmọlúàbí

Ọkọ̀ onígbòkun Rouse Simmons rì sínú adágún Michigan ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1912. Gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Milwaukee ni wọ́n ti fi pákó kan ọkọ̀ olópòó mẹ́ta náà lọ́dún 1868. Ó ti di arúgbó ọkọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó gẹdú, kó tó gbé igi Kérésìmesì kúrò ní èbúté Thompson, tó forí lé Chicago.

Herman Schuenemann ni ọ̀gákọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ afárá Clark Street ní Chicago ló ti máa ń ta igi fún ará ìlú láìsí alágbàtà. Ó tún máa ń fún àwọn aláìní àti ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́jà tí kò gbàgbé tálákà ti ṣe ohun tí Yorùbá ń retí lọ́dọ̀ ọmọlúàbí, ìyẹn kò sì ṣeé gbà lọ́wọ́ Herman.

Ṣùgbọ́n làákàyè wà nínú ọmọlúàbí, ìtọ́jú ẹni tó wà lábẹ́ ẹni náà sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1898, August, ẹ̀gbọ́n Herman, bá ọkọ̀ S. Thal lọ sínú adágún kan náà, igi Kérésìmesì lòun náà kó. Herman mọ ohun tí ìjì oṣù kọkànlá lè ṣe. Síbẹ̀, ó di igi kún inú ọkọ̀, ó tún to òmíràn gègèrè sórí rẹ̀. Nígbà tí ìjì dé, omi tó ń ta sára igi, okùn àti ìgbòkun ń di yìnyín, ìwúwo rẹ̀ sì ń tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1971 tí òmùwẹ̀ kan rí i nísàlẹ̀ adágún, igi ṣì wà nínú rẹ̀. Herman náà wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́, kò rán ẹnikẹ́ni síkú. Àmọ́ ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kò gbàṣẹ láti fi ti ọmọ ọlọ́mọ wewu.

Àwọn adóòlà ẹ̀mí ní Kewaunee rí àsíá ìpọ́njú lórí òpó ọkọ̀ náà. Wọn kò ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì nítòsí, ni wọ́n bá tẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Two Rivers láago. Àwọn tibẹ̀ kò béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Wọ́n gbé tiwọn wọnú ìjì, wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Iṣẹ́ ọmọlúàbí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òfo ni wọ́n bá bọ̀.

Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo. Barbara, opó Herman, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò pa òwò náà tì. Wọ́n ń ta igi fún Chicago lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.