Kí Ni À Ń Yàn Nígbà Tí A Bá Yan Ẹ̀kọ́?

Ọdọọdún ni àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà tó wà ní kíláàsì àṣekágbá máa ń dé ibi kan nínú fọ́ọ̀mù JAMB, níbi tí a ti gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà ní yunifásítì. Àyè náà kò gbà ju ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta lọ, síbẹ̀ mo mọ ilé tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi ara wọn ni pé: ta ló yẹ kó yan ẹ̀kọ́ fún ọmọ, ṣé òbí ni tàbí ọmọ fúnra rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n mo gbà pé òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ni ohun tí à ń yàn gan-an?

Ní ilé tiwa ní Ìbàdàn, ìyá mi fẹ́ kí n di dókítà. Bàbá mi ní ohun tó bá wù mí ni kí n kà, kí n má ṣáà ti dá a dúró lágbedeméjì. Ní tèmi, ó ti pẹ́ tí mo ti yan ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kejì ni mo ti ń tú rédíò palẹ̀, tí mo sì ń tò ó padà. Mo mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Ẹnjiníà, orúkọ náà sì dùn létí mi ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ lọ.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò ìyá mi gba ṣọ́ọ̀bù tuntun tó ti ń ṣe irun. Ẹ̀rọ ìgbẹrun méjì ló ní, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri sì jìnnà sí ibi tó fẹ́ gbé wọn sí. Ó ránṣẹ́ pè mí: "Ẹnjiníà mi, wá bá mi fa iná débí o." Mo lọ sọ́jà. Wáyà tó nípọn wà, ó wọ́n. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so gílóòbù kọ́ wà, kò wọ́n. Èyí tí kò wọ́n ni mo rà, kí owó lè kù sọ́wọ́ àǹtí mi. Mo fà á gba ẹ̀yìn kọ́tíìnì, mo so sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì mọ́ ọn lẹ́nu, mo ki ẹ̀rọ kan bọ̀ ọ́. Ó ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́ fún mi, àǹtí mi sì fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù náà kún fọ́fọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Obìnrin kan ní òun ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Kí wọ́n tó wẹ̀yìn, wáyà ti yọ́, iná sì ti mú kọ́tíìnì. Ọwọ́ lásán ni àǹtí mi fi já kọ́tíìnì náà lulẹ̀. Àpá rẹ̀ wà ní apá òsì rẹ̀ títí di òní. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sí ẹlòmíràn tó fara pa.

Gbogbo ènìyàn ló fẹnu kò pé àwọn tó ń pín iná ló gbé iná tó pọ̀ jù wá. Wọ́n bú wọn dáadáa. Mo dúró síbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ó rọrùn láti dákẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n ń bú kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

Bàbá kan tó ti ń ṣiṣẹ́ iná ládùúgbò wa kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n pè wá tún un ṣe. Ó mú wáyà tó jó náà, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó wò mí, kò sì sọ ohunkóhun lójú àwọn ènìyàn. Nígbà tí a jáde síta, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, èló ni ẹ̀rọ méjèèjì yẹn ń fà?" N kò mọ̀ ọ́n. "Èló ni wáyà yìí lè gbé?" N kò mọ ìyẹn náà. Ó ní, "O mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. O ò mọ ohun tó o so."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé Físíìsì mi. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni watt 1200. Bí a bá fi volt 240 pín in, ampere 5 ni. Ẹ̀rọ méjì á fa ampere 10, bẹ́ẹ̀ irú wáyà tí mo rà kò yẹ kó gbé ju bíi 6 lọ. Ìwé náà tún sọ pé bí kárẹ́ǹtì inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń mú jáde á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi ṣiṣẹ́ níṣojú mi láìsí wàhálà. Fíúùsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì, oní-13 ni. 10 kò sì tíì tó 13, nítorí náà kò rí ìdí kankan tó fi yẹ kó já. Àwọn tó ń pín iná kò mọ̀ sí i rárá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin yìí kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. N kò kàn mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí n tó mú ìwé ìṣirò náà lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe àwọn oníná?" Mo ní, "Rárá mà, èmi ni." Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún pè mí ní Ẹnjiníà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ iná kì í ṣe irọ́, ọwọ́ mi náà sì yá. Kí ni mo wá ṣe àìní? Mo rí i pé orúkọ ni mo ti yàn. Ẹlòmíràn ń yan owó oṣù; ẹlòmíràn ń yan ohun tí yóò mú inú òbí rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yan iṣẹ́ ti yan àwọn ènìyàn tí yóò máa dáhùn lọ́wọ́ wọn. Dókítà máa ń rí ojú aláìsàn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ iná kì í sábà mọ ẹni tí yóò sùn sábẹ́ òrùlé tí wáyà rẹ̀ gbà kọjá. Ohun tí ojú kò sì rí ni iṣẹ́ náà dá lé, torí náà ìṣirò nìkan ló lè fi í hàn wá kí ó tó jó wa.

Àwọn bàbá wa ti sọ ìtàn tó jọ èyí. Nínú ìtàn Ifá, Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orí tó dára lójú, wọn kò mọ̀ pé kò jiná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sáyé, òjò rọ̀ lù wọ́n, orí náà sì ń ṣí dànù. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó gba ìmọ̀ràn. Nígbà tó sì dé ilé Àjàlá, wọ́n fi ọ̀pá irin dán orí wò kó tó gbé èyí tó gbé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yan ohun tó wù wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ló dán tirẹ̀ wò.

Ẹnìkan lè takò mí pé, Michael Faraday ńkọ́? Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1791. Kò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìdìwé ló kọ́, ìṣirò rẹ̀ kò sì jinlẹ̀. Síbẹ̀ òun ló fi hàn ní 1831 pé bí a bá ń ti mágínẹ́ẹ̀tì wọnú wáyà tí a ká, iná yóò sáré nínú wáyà náà. Orí ìlànà yìí ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa àti àwọn ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Kainji dúró lé. Bí ìfẹ́ bá tó Faraday, kí ló dé tí kò ní tó wa?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìfẹ́ náà ṣe. Ó ń ka àwọn ìwé tí wọ́n ní kó dì. Ní 1812, ó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó di í ní ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò, tó ń kọ èyí tó yọrí sí rere àti èyí tí kò yọrí. Ìṣirò tí kò ní, James Clerk Maxwell ló wá bá a ṣe é. Ìfẹ́ Faraday wà nínú ìwé tí a lè fọwọ́ kàn. Tèmi wà lẹ́nu àwọn ará àdúgbò.

Nítorí náà, lójú tèmi, ìmúrasílẹ̀ kì í tẹ̀lé yíyàn. Ara yíyàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí yóò jókòó fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì nínú ìdánwò JAMB, yóò sì lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, pẹ̀lú oṣù mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́. Ìṣirò ibẹ̀ kọjá ti ilé ẹ̀kọ́ wa. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, −1 ni yóò dà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè é ní i, àwọn oníná ń pè é ní j, nítorí pé i ti dúró fún kárẹ́ǹtì lọ́dọ̀ tiwọn. Irú nǹkan báyìí ni òjò tó máa ń rọ̀ lu orí tí kò jiná.

Ọ̀pá irin tí a lè fi dán ara wa wò kò jìnnà. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílé wa, ká ṣírò ohun tí wọ́n ń fà. Ẹ jẹ́ ká lo ọlidé kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ní alẹ́ ọjọ́ tó rẹ̀ wá, ká wò ó bóyá a ó tún fẹ́ ṣe é lọ́la. Ẹni tó bá dán an wò tó rí i pé kì í ṣe tòun kò pàdánù. Ó ti yọ ara rẹ̀ àti àwọn ẹlòmíràn nínú ewu.

Ẹ̀yin òbí wa, ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí. Ẹni tí yóò dáhùn fún iṣẹ́ náà ló yẹ kó yàn án, nítorí ẹ kò ní bá wa dáhùn nígbà tí wáyà bá jó. Ṣùgbọ́n ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wá ní ohun tí a ti ṣe lórí rẹ̀ lóṣù yìí, kí ẹ sì ní ká fi hàn yín. Ọmọ tí kò bá rí nǹkan fi hàn kò tíì yan nǹkan kan.

Mo ṣì fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ìyá mi ti gbà. Ní oṣù tó kọjá, àǹtí mi fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgbẹrun kẹta, ó sì pè mí sọ́jà. Kò pè mí ní Ẹnjiníà. Ó na ìka sí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó ní, "Kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ fún mi ná." Mo mú bírò jáde.